Àdùkẹ́, dókítà kan wà tó ń ra òmìnira fún ọmọ ọwọ́

Ìbàdàn

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara le? Ṣé ọmọ ń mu ọmú dáadáa? Fọ́tò ìsàmì rẹ̀ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Bí mo ṣe ń wo omi tí àlùfáà ń bù sí i lórí ni ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ dókítà kan tí mo ń kà nípa rẹ̀: Ramón Emeterio Betances, ọmọ Puẹ́tò Ríkò. Cabo Rojo ni wọ́n bí i sí ní 1827, nígbà tí Sípéènì ń jọba lórí erékùṣù náà, tí ẹrú ń ṣiṣẹ́ nínú oko ìrèké.

Páríìsì ló ti kọ́ ìṣègùn. Bó ṣe padà sílé ni àrùn onígbáméjì bo ìlú Mayagüez, ó sì ń tọ́jú ẹrú àti tálákà. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì ló gbà mí lọ́kàn jù. Lọ́jọ́ Ìsinmi, òun, Segundo Ruiz Belvis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn á dúró síbi omi ìsàmì. Bí olówó ẹrú bá ti mú ìyá àti ọmọ dé, wọ́n á ki owó bọ òbí lọ́wọ́, òbí á fi san fún olówó wọn, ọmọ á sì dòmìnira kí omi tó kàn án lórí. Pésò 25 ni owó ọmọ tí wọn kò tíì sàmì fún. Bí wọ́n bá ti sàmì fún un, ó di 50. Rántí pé o bá mi ju owó sínú omi níbi ìkómọ, kí èmi náà lè sọ ọmọ lórúkọ. Àdùkẹ́, ìyá yẹn gbé ọmọ òmìnira jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun fúnra rẹ̀ sì padà sóko olówó rẹ̀!

Ìjọba lé dókítà náà nílùú. Ní 1867, láti erékùṣù St. Thomas, ó kọ òfin mẹ́wàá fún àwọn èèyàn òmìnira, kí ẹrú ṣíṣe dópin ni àkọ́kọ́. Ọ̀tẹ̀ tó ṣètò sí ìjọba Sípéènì bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Lares ní Puẹ́tò Ríkò ní oṣù Kẹsàn-án 1868, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ ojú omi tí ìbọn rẹ̀ wà nínú rẹ̀, kíá ni wọ́n sì tẹ ọ̀tẹ̀ náà rì. Àwọn kan nínú ọmọ tí wọ́n rà á ti tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà yẹn. 1873 ni wọ́n tó fòpin sí ẹrú níbẹ̀.

Láti Páríìsì ló tún ti ń ṣiṣẹ́ fún òmìnira Kúbà, níbi tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ èèyàn wa lọ lẹ́rú. Ó kú ní Faransé ní oṣù Kẹsàn-án 1898, ọmọ ogun Amẹ́ríkà sì ti gúnlẹ̀ sí Puẹ́tò Ríkò láti oṣù Keje. Ìyẹn dùn mí wọra. 1920 ni wọ́n tó kó eérú rẹ̀ padà sílé.

Bá mi kí bàbá ọmọ. Fi ẹnu kò ó lórí fún mi, níbi tí omi yẹn kàn.

Èmi ni tìrẹ,
Bísí