Má ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ

Ṣèyí ọmọ mi,

Ọ̀kun o. Mo pè ọ́ títí lọ́jọ́ Àìkú, fóònù rẹ kò lọ. Ni mo bá ní kí àbúrò rẹ jókòó, kí n máa sọ, kí ó máa kọ. Owó tí o ní o máa fi ránṣẹ́, n kò rí i. Kì í ṣe owó ni mo ń wá. Iṣu tuntun ti jáde, ewúrẹ́ dúdú bí méjì, afẹ́fẹ́ ti ṣí páànù ilé ìdáná.

Ará Ìsánlú kan rí ọ ní gáréèjì Lọ́kọ́ja. Ó ní o ń tòògbé lórí bẹ́ǹṣì lọ́sàn-án gangan, òun pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí o tó gbójú sókè. Mo ní irọ́ ni, iṣẹ́ ló rẹ̀ ọ́. Mo tilẹ̀ bú u. Ìgbà tí mo wọlé ni ẹsẹ̀ mi kọ̀ láti gbé mi.

Ṣé oògùn apàrora tírámọ́dọ̀ náà ni o tún padà sí? Oṣù mẹ́rin tí o fi wà lọ́dọ̀ mi ńkọ́, tí o ń gbọ̀n, tí o ń làágùn, tí mò ń fi aṣọ nù ọ́ lára? Olóríkunkun ọmọ! Jọ̀ọ́, má bínú. Bí o bá ti tún ń lò ó, má lo iye tí o máa ń lò tẹ́lẹ̀. Ara tó ti sinmi kò mọ̀ ọ́n mọ́. Iye tí kò ṣe ọ́ ní nǹkan lọ́jọ́sí lè pa ọ́ lónìí. Má fi ọtí lé e. Má sì ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ.

Lẹ́nu nọ́ọ̀sì ni mo ti gbọ́ ọ. Ó bá wa sọ̀rọ̀ ní 31 oṣù kẹjọ, ọjọ́ tí wọ́n fi ń rántí àwọn tí oògùn àlòjù pa. Ó ní Ọsirélíà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2001. Wọ́n ní kí a wọ aṣọ elése àlùkò, ìyá kan wé gèlè pupa wá, a rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní bí ẹni tó lo irú oògùn yẹn bá ń hanrun bí ẹni tí omi wà lọ́fun, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, tí a jí i tí kò jí, kì í ṣe oorun. Kí a fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí a má rọ nǹkan kan sí i lẹ́nu, kí a sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Oògùn kan wà, naloxone, tó lè dá èémí rẹ̀ padà bí wọ́n bá tètè fún un. Kẹ́míìsì àdúgbò wa kò ní i.

Ṣèyí, àbúrò mi tí mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru pa, ẹ̀jẹ̀ ríru kọ́. Ọjọ́ ìsìnkú bàbá wa ni, àlejò kún ilé. Mo bá a lórí ẹní ní yàrá ẹ̀yìn, páálí oògùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń hanrun. Ojú tì mí. Mo rọ epo sí i lẹ́nu, mo ti ilẹ̀kùn, mo so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró mi, mo lọ ń bu ọbẹ̀ fún àlejò. Mò ń gbọ́ ọ bí mo ṣe ń kọjá. Nígbà tó dákẹ́, mo ní oorun ti wá wọ̀ ọ́ lára.

Àbúrò rẹ ti dáwọ́ dúró, ó ń wò mí. Mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Àwa ìyá mélòó kan ń pàdé báyìí ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, a ò wàásù fúnra wa. Ọmọkùnrin kan tó ń tún ọ̀kadà ṣe máa ń bá wa jókòó. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó lè jáwọ́. Ó ní NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, ní àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn, kì í ṣe pé wọ́n kàn ń mú èèyàn. Ó ní kí o pe òun, kódà bó jẹ́ ààjìn.

Máa bọ̀ nílé. Bí o bá ti lò ó, máa bọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti ní kí káfíńtà yọ àgádágodo ilẹ̀kùn yàrá rẹ. Òun ló gba díẹ̀ nínú owó páànù.

Ìyá rẹ