Ẹ Má Tíì Ta Pánẹ́ẹ̀lì Yín fún Oníkọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Rédíò ni mò ń tún ṣe ní Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Nígbà tí àwọn èèyàn kò gbé rédíò wá mọ́, sólà ló gbà mí lọ́wọ́ ebi. Ohun tí ojú mi ń rí nídìí rẹ̀ ló mú mi kọ̀wé yìí.

Ìyá kan tó ń ta omi tútù àti mínírà ní Arówómọlé ló ránṣẹ́ pè mí. Láti ọjọ́ tí àrá ti sán gidigidi ládùúgbò wọn ni bátìrì rẹ̀ kì í kún mọ́, tí ìnfátà á máa han kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tó bá wọn fi sólà sórí ilé gun òrùlé, ó wo pánẹ́ẹ̀lì kan lójú, ó ní ó ti kú, kí wọ́n lọ ra tuntun. Kò ṣí ohunkóhun. Nígbà tí mo dé, oníkọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù ti gbé òṣùwọ̀n wá, ó fẹ́ wọ̀n ọ́n bí irin.

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo ẹ̀yìn rẹ̀ ná."

Wọ́n ní, "Ẹ̀yìn wo? Ṣé ó tún ní ẹ̀yìn ni?"

Mo fi mítà tí a fi ń wọn iná sí i nínú oòrùn ọ̀sán, ó kà fóótì 30. Èkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ rà lọ́jọ́ kan náà kà 45. Ìdá kan nínú mẹ́ta ló sọnù géérégé, bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Ojú 72, ìyẹn àwọn ègé kéékèèké tó ń sọ oòrùn di iná, ló wà lára irú pánẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀, wọ́n pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, dáódù kan, ẹ̀yà kékeré tí ń jẹ́ kí iná gba ìhà kan ṣoṣo kọjá, sì ń ṣọ́ ojú 24. Ọ̀nà ẹ̀bùrú ni dáódù yìí jẹ́: bí ewé tàbí òjìji táǹkì omi bá bo apá kan, iná á gba ẹ̀bùrú kọjá, kí apá tó ṣókùnkùn náà má baà gbóná jó. Bí àrá bá ti bà á jẹ́, ẹ̀bùrú náà lè ṣí sílẹ̀ pátápátá, iná tí apá yẹn ń mú wá á sì máa gba ibẹ̀ padà sínú ara rẹ̀.

A sọ pánẹ́ẹ̀lì kalẹ̀, mo fi aṣọ ìbora bo ojú rẹ̀, mo ṣí àpótí kékeré ẹ̀yìn rẹ̀. Dáódù mẹ́ta tò síbẹ̀ bí eyín. Ti àárín ti dúdú, ike abẹ́ rẹ̀ ti yọ́, èèrà ti kó erùpẹ̀ yí i ká. Mo yọ ọ́, mo wọ̀n ọ́n síwá sẹ́yìn, odo ni mítà ń kà, ìyẹn ni pé ẹ̀bùrú náà ti ṣí sílẹ̀ síhà méjèèjì. Mo fi tuntun alámpù 15 sí i, mo kọjú ìlà funfun rẹ̀ sí ibi tí ti àtijọ́ kọjú sí, mo fi gọ́ọ̀mù dí àpótí kí òjò má wọ̀ ọ́. Fóótì 45 padà. Owó dáódù náà kò tó owó àmàlà abọ́ kan.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ má fi dáódù kékeré inú rédíò rọ́pò rẹ̀. Ámpù 1 péré ni ìyẹn lè gbé, pánẹ́ẹ̀lì yìí sì ń tú nǹkan bí ámpù 8 tàbí 9. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣe é, á dára lójú mítà, torí iná kì í gba ẹ̀bùrú nígbà tí oòrùn bá mú un dọ́gba. Ọjọ́ tí òjìji bá kọ́kọ́ bò ó ni yóò jó. Mo ti tú irú rẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ ara mi, ó sì dùn mí, nítorí olówó pánẹ́ẹ̀lì kò mọ ohun tí wọ́n ṣe fún un.

Kì í ṣe gbogbo pánẹ́ẹ̀lì ló ṣeé gbà là. Èyí tí dígí rẹ̀ ti fọ́, tí omi ti wọnú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó pe oníkọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù, ẹ ní kí ẹni tó bá yín ṣe é fi mítà sí i lójú yín, kó sì ṣí àpótí ẹ̀yìn náà. Ẹ má ṣe fúnra yín já wáyà rẹ̀ nígbà tí ó ń gbé iná, nítorí ó máa ń ta iná burúkú.

Màmá ní kí n fi dáódù tó jó náà sílẹ̀ fún àwọn. Inú agolo owó wọn ló wà, wọ́n ń fi han àwọn oníbàárà.

Èmi ni,
Oníṣẹ́ rédíò kan,
Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́.