Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwọn Amòòkùn àti Awakọ̀ Ojú Omi Bonaire Lórí Àìsàn Iyùn

Sí Ọlọ́lá Gómìnà Erékùṣù, àwọn Kọmíṣọ́nnà, àti gbogbo ọmọ Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Erékùṣù Bonaire, ní Kralendijk.

Ẹ̀yin àgbà wa,

A kí yín kú iṣẹ́ ìlú. Àwa tí a kọ ìwé yìí la máa ń mú àlejò wọ ìsàlẹ̀ òkun: àwọn amọ̀nà, àwọn awakọ̀ ojú omi, àwọn tó ń rọ afẹ́fẹ́ sínú sílíńdà, àti àwọn tó ń fi píkọ́ọ̀pù háyà fún àwọn tó fẹ́ dá lọ. Ohun tí a wá tọrọ kò pọ̀. A fẹ́ omi tí a ó máa fi fọ irinṣẹ́ létí òkun, a sì fẹ́ àṣẹ tí yóò mú kí gbogbo ènìyàn fọ̀ ọ́. Ohun tó fà á ló gùn díẹ̀.

Iyùn tí à ń wí kì í ṣe èyí tí à ń so mọ́rùn. Ẹ̀dá abẹ̀mí tínńtínní ló kóra jọ, tí wọ́n ń fi òkúta kọ́ ilé fún ara wọn. Èyí tó rí rìbìtì bí ọpọlọ kì í ga ju mìlímítà díẹ̀ lọ lọ́dún. Tí ẹ bá rí ọ̀kan tó fẹ̀ tó tábìlì ìjẹun, kò sí nínú wa ẹni tó dàgbà tó o. Ní 2014, àìsàn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pa irú iyùn bẹ́ẹ̀ ní Florida, lẹ́bàá Miami. Láti ibẹ̀ ló ti ń ti erékùṣù kan bọ́ sí òmíràn káàkiri Caribbean. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, wọ́n rí i níbí.

Ẹni tí kò tíì rí i lójú ara rẹ̀ lè rò pé à ń sọ àsọdùn. Ojú àpá funfun kékeré kan ni yóò kọ́kọ́ yọ, bí ibi tí ọ̀bẹ ti bó èèpo iṣu. Ìwọ yóò padà débẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì, àpá náà ti di àtẹ́lẹwọ́. Láàárín oṣù mélòó kan, ohun tó ti wà níbẹ̀ kí a tó bí àwọn baba wa ti di òkúta lásán, ewédò á sì bò ó. Àwọn onímọ̀ kò tíì rí kòkòrò tó ń fà á mú ní pàtó. Wọ́n sáà mọ̀ pé tí a bá po amoxicillin mọ́ ọ̀rá, tí a sì fọwọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí ojú àpá náà, ó sábà máa ń dúró. Ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń lẹ́ ihò ọkọ̀ ojú omi. Àwọn kan nínú wa ti bá wọn ṣe é, a sì mọ̀ pé ọwọ́ ènìyàn kò lè ká gbogbo etíkun yìí.

Àwọn àgbà inú iṣẹ́ yìí rántí àjàkálẹ̀ 1983 sí 1984, nígbà tí òòrẹ̀ òkun, ohun dúdú elégùn-ún tó máa ń jẹ ewédò kúrò lára iyùn, kú káàkiri Caribbean. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe nígbà náà. A kò lè bá omi jà, àti àìsàn yìí náà, omi ń gbé e. Ṣùgbọ́n ibi tó bá wu omi ló ń ṣàn sí, ibi tí a bá wa píkọ́ọ̀pù sí ló ń lọ.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ mọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí. Ibi tó lé ní 80 ni a ti ń mòòkùn ní Bonaire, ọ̀pọ̀ wọn ni àlejò sì lè fẹsẹ̀ rìn wọ̀ láti orí ilẹ̀: òkúta tí a kun ní yẹ́lò wà lẹ́bàá títì tó ń júwe ibẹ̀ fún un. Àlejò á kó sílíńdà mẹ́rin sẹ́yìn ọkọ̀, á mòòkùn ní ìhà gúúsù lówùúrọ̀, á wa ọkọ̀ lọ sí àríwá lọ́sàn-án, á tún mòòkùn. Ibi tí à ń pè ní 1000 Steps, àtẹ̀gùn rẹ̀ kò tó 80, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé sílíńdà gùn ún padà yóò búra pé ẹgbẹ̀rún ni. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí aṣọ ìmòòkùn rẹ̀ ń ro tótó, kì í wá omi ìfọṣọ kiri. Á ju ohun gbogbo sẹ́yìn ọkọ̀, á sì gbé omi òkun ibi àkọ́kọ́ lọ sí ibi kejì.

Àwọn onímọ̀ àti STINAPA, tó ń mójú tó ọgbà òkun wa, ti sọ pé kí a fi oògùn apakòkòrò fọ irinṣẹ́ kí a tó lọ sí ibòmíràn. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló ní agbada ìfọǹkan lẹ́yìnkùlé. Àmọ́ alẹ́ ni àlejò ń padà sí ṣọ́ọ̀bù, lẹ́yìn tó ti wọ omi lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. A kò ní purọ́ fún yín: àwa náà kò mọ́. Lọ́jọ́ tí àlejò bá pọ̀, a ti so ọkọ̀ mọ́ bọ́ì kan, ohun tó léfòó tí a fi ń dá ọkọ̀ dúró, a tún gbéra lọ sí òmíràn, kò sì sẹ́ni tó fi irinṣẹ́ kankan bọ omi ìfọǹkan.

Nítorí náà, à ń bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí a gbé àgbá ìfọǹkan sí àwọn ibi tí ọkọ̀ ń pọ̀ sí jù, kí 1000 Steps wà lára wọn. Àwa yóò ra àgbá, àwa yóò kàn án mọ́lẹ̀, àwa yóò máa pààrọ̀ oògùn inú rẹ̀, a ó sì rí i pé ìdọ̀tí rẹ̀ kò padà sínú òkun. Omi ni kí ẹ fún wa. Ẹ mọ̀ pé inú òkun ni a ti ń yọ omi mímu níbí, owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, apá wa kò ká a. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fi í sínú òfin pé ẹni tó bá ti mòòkùn níbi kan kò gbọ́dọ̀ wọ omi níbòmíràn lọ́jọ́ kan náà láìfọ irinṣẹ́ rẹ̀, àlejò ì báà jẹ́, amọ̀nà ì báà jẹ́.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní òfin máa ń lé àlejò. Láti 1971 ni òfin ti ní kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀kọ̀ gún ẹja níbí, láti 1979 ni ọgbà òkun yìí ti wà, láti etíkun títí dé ibi tí omi ti jìn tó 60 mítà sísàlẹ̀. Captain Don Stewart, tó fi ọkọ̀ ìgbòkun gúnlẹ̀ ní 1962, wà lára àwọn tó kọ́ wa pé bọ́ì ni kí a máa so ọkọ̀ mọ́, kì í ṣe pé kí a ju ìdákọ̀ró lu iyùn. Àwọn àlejò kò sá. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wá.

Ohun kan tún wà, a ó sọ ọ́ ní ṣókí. Níbi ilé kan tí wọ́n ń kọ́ létíkun, wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ jọ gègèrè láìfi nǹkan kan dí i. Òjò dé, ọ̀gbàrá sì wọ́ ọ wọ inú òkun. Ọjọ́ mẹ́ta ni a kò fi rí ọwọ́ ara wa nísàlẹ̀. Iyùn tí ẹrẹ̀ bò kò ní agbára láti bá àìsàn jà. Kí òjò oṣù kẹwàá tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pàṣẹ pé kí ẹni tó bá ń kọ́lé lẹ́bàá omi dí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀. (Ti àwọn ewúrẹ́ tó ń jẹ koríko orí òkè tán, tí ilẹ̀ fi ń ṣí, a mọ̀ pé wọ́n ní olówó, a kò fẹ́ dá ìjà ìyẹn sílẹ̀ lónìí.)

Bí ẹ bá sì rí i pé ó yẹ kí a ti ibi kan pa fún oṣù díẹ̀ kó lè sinmi, ẹ tì í. Yóò dùn wá lápò. A kò bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe é, a bẹ̀ yín pé kí ẹ sọ fún wa lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú, kí a lè ránṣẹ́ sí àwọn tó ti sanwó.

Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ rí wa, ẹ jẹ́ kó jẹ́ lẹ́yìn aago mẹ́ta ọ̀sán, nígbà tí ọkọ̀ bá ti wọlé. Ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n wẹ̀ nínú yín, a ó wá góógù fún un.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Alága àti Akọ̀wé,
lórúkọ gbogbo amọ̀nà amòòkùn àti awakọ̀ ojú omi Bonaire.