Fíìmù Kongi's Harvest kò tó ohun tí mo mọ̀ lórí ìtàgé

Sí Olóòtú,

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo tó fi ojú ara mi wo Kongi's Harvest, fíìmù ọdún 1970 tí a fi eré orí ìtàgé Wọlé Ṣóyínká ṣe, tí mo ti ń wá láti ìgbà èwe, mo sì ń kọ̀wé yìí láti Ẹ̀pẹ́ nítorí pé ìjákulẹ̀ tó bá mi kò jẹ́ kí n lè dákẹ́.

Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, olùkọ́ wa kan kó wa jọ láti ṣe eré yìí, mo sì wà lára àwọn tí ń gbe orin ní ààfin Ọba Dánlọ́lá. Ìtàn ọba tí Kongi, aláṣẹ tuntun, tì mọ́lé, tí ó tún fẹ́ gba iṣu tuntun mọ́ ọn lọ́wọ́, kì í ṣe ohun tí a ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan sọ. Ìlù ló gbé e ró. Orin kan wà tí ń kìlọ̀ pé kí a má fi odó kékeré gún iyán ọba. Bí a bá ti dá a, àwọn òbí wa tó jókòó níwájú a dìde, wọn a máa gbè é, olùkọ́ wa a sì dá eré dúró títí wọn yóò fi jó tẹ́rùn. Ẹni tó bá ti wo ọdún Káyókáyọ̀ rí níhìn-ín mọ̀ pé òǹwòran wa kì í káwọ́ gbera.

Mo gbà pé fíìmù kò lè dúró de ẹni tí ń jó. Ṣùgbọ́n létí mi, ńṣe ni Dánlọ́lá inú fíìmù ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń kàwé, orin rẹ̀ sì wá di ohun ọ̀ṣọ́ lásán. Lórí ìtàgé, nígbà tí Sẹ̀gi, obìnrin tó ti jẹ́ olólùfẹ́ Kongi rí, gbé àwo wá, tí a ṣí ìdérí rẹ̀, tí orí bàbá arúgbó wà níbi tí Kongi ti ń retí iṣu, iná kú lójijì, ìyá mi sì figbe ta nínú òkùnkùn. Irú ìpayà yẹn ni mo jókòó dè títí fíìmù fi parí, n kò rí i.

Ossie Davis, ọmọ Amẹ́ríkà, ló darí rẹ̀. Wọlé Ṣóyínká tó kọ eré náà ló ṣe Kongi fúnra rẹ̀, síbẹ̀ òun náà padà kọ fíìmù ọ̀hún sílẹ̀. N kò gbàgbé Francis Ọládélé, ẹni tó gbé e jáde nígbà tí àwọn tí ń ṣe fíìmù nílẹ̀ wa kò tíì pọ̀; akin ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún un.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa ké sí àwọn onítíátà wa kí wọ́n gbé eré yìí padà sórí ìtàgé, kí Dánlọ́lá sì máa fọ Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí wọ́n bá mú un dé Ẹ̀pẹ́, orin náà ṣì wà lẹ́nu mi, n óò bá wọn gbè é.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín,
Ẹ̀pẹ́, Ìpínlẹ̀ Èkó.