Ìdí tí mo fi ń dá wọ ọkọ̀

Houston, Texas

Àjàní, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé ara Màmá ti ń le sí i, mo dúpẹ́ gidigidi. Àlàáfíà ni àwa náà wà níbí.

Ìbéèrè tí o bi mí lórí fóònù ni mo jókòó dáhùn. O ní ṣé owó tí mò ń rí ní Amẹ́ríkà ò tó ra ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì ni, tí mo fi ń dá wọ káyáàkì pẹlẹbẹ, ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́nìkan tí a ń fi àjẹ̀ tù, lọ pẹja. Owó kọ́, ọ̀rẹ́ mi. Bí wọ́n bá fi ọkọ̀ ńlá ta mí lọ́rẹ lónìí, káyáàkì yìí náà ni n ó gbé lọ sí Galveston lọ́la.

Erékùṣù ni Galveston, ó tó nǹkan bí 50 máìlì sí Houston. Òkun wà níwájú rẹ̀, ọ̀sà wà lẹ́yìn. Ọ̀sà náà kò jìn rárá, pàápàá níbi tí omi ti ya wọ àárín koríko àti ẹrẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ẹja tí wọ́n ń pè ní redfish ti ń wá akàn àti edé jẹ. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ò ṣeé gbé débẹ̀: abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ á gbá ẹrẹ̀, á sì hú koríko abẹ́ omi. Láti ọdún 2013 sì ni òfin Texas ti ka híhú koríko yẹn léèwọ̀, torí inú rẹ̀ ni ọmọ ẹja ti ń dàgbà. Òfin yẹn dùn mọ́ mi nínú. Káyáàkì tèmi ń kọjá lórí omi tí kò dé agbede ojúgun, koríko kan ò sì ní ṣẹ́.

Ní ìdájí, kí afẹ́fẹ́ tó dìde, mo máa ń gbé àjẹ̀ lé itan, n ó sì máa wò. Lékelèke á dúró sínú omi lọ́tùn-ún, kò ní fò, torí kò ka èmi sí ewu. Lẹ́yìn náà ni ìrù kan á yọ. Redfish ti dorí kodò, ó ń fi ẹnu tú ẹrẹ̀, ìrù rẹ̀ ń mì lókè omi, àmì dúdú roboto ìdí ìrù náà hàn kedere. Àjàní, kò jìnnà sí mi ju ẹnu ọ̀nà yàrá sí ibùsùn lọ! Bí àjẹ̀ bá fi lè kan ara ọkọ̀ gbì pẹ́rẹ́, ó ti lọ nìyẹn. N ó ju ìwọ̀ sí iwájú rẹ̀, n ó sì rọra fà á. Bó bá ti gbé e, rílì, ìyẹn kẹ̀kẹ́ tí a ń ká okùn ìwọ̀ sí, á han, imú ọkọ̀ á yí tẹ̀lé ẹja, a ó sì jọ máa lọ. Ọkọ̀ ńlá á dúró gbagidi, ọwọ́ nìkan ni wàá fi bá ẹja fà á. Nínú káyáàkì, gbogbo ara ni.

Bí mo bá gbé e sókè, á máa dún gbù, gbù, gbù lọ́wọ́ mi. Iṣan ikùn rẹ̀ ló ń lu àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Èyí tí a lè gbé lọ sílé gbọ́dọ̀ gùn tó 20 ínṣì, kó má sì ju 28 lọ àyàfi tí a bá lo táàgì, àmì tí a ń so mọ́ ẹja, tó wà nínú ìwé àṣẹ ìpẹja wa. Mẹ́ta péré ni lóòjọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo máa ń dá gbogbo wọn padà sómi.

Àwọn Inuit, ará ilẹ̀ yìnyín ní àríwá ayé, ló ni káyáàkì láti ìbẹ̀rẹ̀. Awọ ẹran omi ni wọ́n ń rán bo egungun ọkọ̀ náà, ara ẹni tó máa wọ̀ ọ́ ni wọ́n sì fi ń wọn ọ́n. Ike ni tiwa lónìí, síbẹ̀ ọkọ̀ ẹnìkan náà ni. Ìdẹ, omi mímu, ọ̀pá ìwọ̀, gbogbo rẹ̀ wà níbi tí ọwọ́ mi tó. Bó bá wù mí kí n dúró wákàtí kan síbì kan, kò sẹ́ni tí n ó tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwọ mọ bí iṣẹ́ mi ṣe rí, ariwo èèyàn látàárọ̀ dalẹ́. Orí omi yìí ni mo ti ń gbọ́ èrò ọkàn ara mi.

Má fòyà nítorí mi. Ẹ̀wù amúniléfòó wà lọ́rùn mi ní gbogbo ìgbà, fèrè so mọ́ ọn. Ìyàwó mi mọ ibi tí mo wà àti àkókò tí mo ní n ó dé. Ojú afẹ́fẹ́ ni mo sì máa ń kọ́kọ́ tù sí, kí afẹ́fẹ́ náà lè ràn mí lọ́wọ́ nígbà tí ó bá rẹ̀ mí. Omi tó bá ta sínú ọkọ̀ á gba ojú ihò ìsàlẹ̀ jáde, inú rẹ̀ tó ṣófo ti dí pa, ìyẹn ni kì í fi í tètè rì.

Bí o bá wá ní oṣù kẹwàá, mo ti rí ibi tí a ó ti yá èkejì. Ìwé àṣẹ ìpẹja fún àlejò náà wà, a ó rà á. Kọ bí o ṣe wúwo tó ránṣẹ́ sí mi, torí ìwọ̀n ẹni la fi ń yan ọkọ̀. Jọ̀wọ́, bá mi bi àwọn apẹja Ẹ̀pẹ́ bóyá wọ́n ṣì ń gbẹ́ ọkọ̀ ẹlẹ́nìkan, irú igi tí wọ́n ń lò, àti bó ṣe fẹ̀ tó níbi ìjókòó.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Àkànní