Àbẹ̀kẹ́, dé akoto rẹ

Ọ̀fà,
Ọjọ́ Àìkú.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ìyá rẹ kí ọ, àwọn àbúrò rẹ náà kí ọ. Ara mi ti yá, ikọ́ yẹn ti lọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ikọ́ ni mo fẹ́ sọ.

Mo rí fídíò tó o fi sórí WhatsApp. Ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ wà lẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì, níbi tí ẹ ń sá aṣọ sí, ẹ mú idà eré ìdíje yín, èyí tí wọ́n ń pè ní fencing, lọ́wọ́, ẹ ń gún ara yín, ẹ ń rẹ́rìn-ín. Akoto yín méjèèjì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ báfù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wò ó. Nígbà tí mo pè ọ́, o ní, "Bàbá, eré lásán ni, ẹnu ẹ̀ ò mú." Mo pa fóònù nítorí inú ń bí mi, mi ò sì fẹ́ sọ ohun tí màá kábàámọ̀. Inú mi ti rọ̀ báyìí, ìyẹn ni mo ṣe mú bírò.

Ọmọ àgbẹ̀dẹ ni ọ́. Ó yẹ kó o ti mọ̀ pé irin tó mú kọ́ là ń bẹ̀rù jù, irin tó kán ni. Àdá tó mú, o mọ ibi tí ojú rẹ̀ wà, o lè yà fún un. Ṣùgbọ́n ojú ibi tí irin ti kán kò gún régé, ó tinrin, ó sì lè wọ ihò tí àdá kò lè wọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Róòmù ní 1982 nìyẹn. Kóòṣì yín ló sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ tí mo wá wò yín. Vladimir Smirnov, ọmọ Soviet Union tó gba góòlù Òlíḿpíìkì ní Moscow ní 1980, ń bá Matthias Behr ti Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì ta idà níbi ìdíje àgbáyé. Idà tí wọ́n ń pè ní foil ni wọ́n ń lò, irú tìrẹ gan-an. Idà Behr kán nígbà tí ara rẹ̀ ti ń lọ síwájú, kò sí bó ṣe lè dá ara rẹ̀ dúró mọ́. Ibi tó kán yẹn gba inú àwọ̀n akoto kọjá, ó gba ibi ojú wọ ọpọlọ. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, Smirnov kú. Kò sí ìjà láàárín wọn. Ọkùnrin yẹn sì dé akoto o, Àbẹ̀kẹ́. Ó dé e.

Látìgbà náà ni wọ́n ti mú ohun èlò le sí i. Aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ ní ìdíje àgbáyé gbọ́dọ̀ gba agbára 800 newton. Kóòṣì ní kí n rò ó bí ẹni gbé ẹrù nǹkan bíi kílò 80 lé orí ẹnu irin kan ṣoṣo. Aṣọ tó bo ọ̀fun lábẹ́ akoto, ìlọ́po méjì ìyẹn ni, 1600. Wọ́n tún yí irin idà padà sí èyí tí wọ́n ń pè ní maraging. Mo bi í bóyá ìyẹn kì í kán. Ó ní ó ń kán, kì í kàn tètè kán bíi ti tẹ́lẹ̀ ni. Bó bá sì kán, ojú rẹ̀ ò yàtọ̀. Mo fẹ́ràn ìdáhùn yẹn. Àwọn kan wà lọ́jà tí wọ́n á máa búra fún ọ pé irin tàwọn kì í kán.

O sọ pé aṣọ ààbò abẹ́ apá yẹn ń mú ọ gbóná. Mo gbọ́. Oòrùn Ìlọrin nínú oṣù kẹta kì í ṣe kékeré. Èmi tí mò ń jókòó ti ẹwìrì láti àárọ̀ dọ́sàn-án, mo mọ ooru. Wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Mi ò sọ eléyìí fún ọ rí. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan lọ ṣán oko iṣu bàbá mi lọ́nà Ìgòsùn. Nígbà tí a ṣe tán, a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré jagunjagun. A ti bá ara wa ṣàdéhùn pé àdá lára àdá nìkan ni. Ó ń dún kan-kan, adùn rẹ̀ wọ̀ wá lára. Oje koríko ṣì wà lára àdá mi. Ó yọ̀ lórí tiẹ̀, ó sì bá a lápá, lókè ọrùn ọwọ́ díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ò tètè jáde. Funfun ni mo kọ́kọ́ rí, bí inú iṣu. Àwa méjèèjì dákẹ́, à ń wò ó. Ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ dé.

Ìka rẹ̀ méjì ò ká dáadáa títí dòní. Bí a bá pàdé ní mọ́ṣáláṣí, mo máa ń rí i bó ṣe ń fi ọwọ́ òsì tú okùn bàtà. Bàbá mi ò nà mí. Ó gba àdá náà, ó tì í bọ iná, ó fi rọ ọkọ́.

Àdéhùn wà láàárín wa, ìbínú ò sí. Ohun tí kò sí ni ẹni kẹta tó máa ní ká dúró, àti ohun tó máa gba àṣìṣe mọ́ra. Ohun tí ẹ̀yin náà ò ní lẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì nìyẹn.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ kan. Ìyá rẹ ní o sọ pé bí olè bá dá ọ dúró ní Tanke lálẹ́, igi kan ṣoṣo ti tó ọ. Òun rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, o mọ̀ ọ́n. Bí ẹ̀yìn ẹnìkan bá ti kanlẹ̀, ó parí, ẹni tó wà lókè á na ọwọ́ sí i kó dìde. Nínú ìjà gidi, ìgbà tí ẹ̀yìn èèyàn bá kanlẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Ìlọrin dó ti Ọ̀fà láyé àwọn baba ńlá wa, ta ló ń pe "Halte", "Ẹ dúró", bíi rẹfirí yín?

Wo ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Bí wọ́n bá gún ọ nítan, iná funfun ẹ̀rọ tó ń ka àmì á tàn, kò sí àmì, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà o kì í ṣọ́ ẹsẹ̀. Mo wò ọ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹsẹ̀ iwájú rẹ wà níta gbangba. Ẹni tó bá fẹ́ pani, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ ṣá. Òfin ò jẹ́ kó o fi ọwọ́ òsì bo àyà. Ọwọ́ òsì olè ló máa fi di igi rẹ mú. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá gún ara yín pọ̀, rẹfirí á wo ẹni tó ni ìkọlù, ìyẹn ẹni tí ẹ̀tọ́ àtigún wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló máa fún ní àmì. Irin ò mọ ẹni tó ni ìkọlù. Nínú épée, irú idà mìíràn tí wọ́n fi ń díje, bí ẹ bá jọ bára yín láàárín ìdá 1 nínú 25 ìṣẹ́jú àáyá, ẹ jọ gba àmì kọ̀ọ̀kan. Lóko, sàréè méjì ni wọ́n máa gbẹ́.

Ti káàdì ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ẹni tó bá kẹ̀yìn sí ẹnìkejì rẹ̀, káàdì ìyẹ́lò. Ó dára bẹ́ẹ̀, akoto ò bo ẹ̀yìn orí bó ṣe bo iwájú. Àmọ́ ní Tanke, ẹ̀yìn rẹ gan-an ni mo fẹ́ kí olè rí. Fún un ní fóònù, kó o sá. Fóònù pọ̀ lọ́jà.

Mo ti fi owó ìbọ̀wọ́ ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ. Nígbà tó o bá ń bọ̀ ní Sátidé, mú idà tó o ní ó ti wọ́ yẹn dání. Má fi ta mọ́. Mo fẹ́ mú un jáde sí oòrùn, kí n fi èékánná tọ ara rẹ̀ wò bóyá ó ti sán.

Èmi ni bàbá rẹ.