Kì í ṣe gbogbo owó inú báńkì ni tiyín

Utako, Abuja

Àdùkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Kú iṣẹ́, kú ooru Maiduguri. Inú mi dùn pé wọ́n fi ọ́ ṣe olórí ìṣúná níléeṣẹ́ aláàánú (NGO) yín. O ní kí n kọ ohun tó yẹ kí o kọ́kọ́ mójú tó, nítorí náà n ò ní fi ìkíni gba gbogbo ìwé.

Ìbéèrè tí ọ̀gá àgbà yóò máa bi ọ́ jù ni pé, “Èló ló wà ní báńkì?” Má dárúkọ iye kan ṣoṣo fún wọn. Ká ní mílíọ̀nù 120 náírà ló wà nínú akáǹtì. Mílíọ̀nù 95 nínú rẹ̀ jẹ́ ti abẹ́rẹ́ àjẹsára, dónọ̀, ìyẹn ẹni tó fún yín lówó náà, sì ti kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ohun mìíràn ò gbọdọ̀ kàn án. Mílíọ̀nù 13 jẹ́ ti ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí ogun lé kúrò nílé. Mílíọ̀nù 4.5 jẹ́ owó orí àti pẹ́ńṣàn tí ẹ ò tíì san lọ. Ó ku mílíọ̀nù 7.5. Ìyẹn nìkan ni tiyín. Bí owó ilé, diesel àti owó oṣù olú-iléeṣẹ́ bá ń jẹ mílíọ̀nù 5 lóṣù, oṣù kan ààbọ̀ ni ẹ̀mí yín kù. Ìlà márùn-ún yìí ni kí o máa gbé síwájú ọ̀gá ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Bí o bá gbé ṣíìtì olójú-ewé 14 fún wọn, wọ́n á ní o kú iṣẹ́, wọn ò ní kà á.

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ ni “ẹ jẹ́ ká yá a lò ná, owó tọ̀hún ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.” Owó tọ̀hún á pẹ́, iṣẹ́ àjẹsára á dúró, àwọn ọ́díìtọ̀ á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìnáwó náà ò bá àdéhùn mu. Inú mílíọ̀nù 7.5 yẹn náà ni ẹ ó ti dá a padà. Ti pẹ́ńṣàn tún burú jù, torí owó òṣìṣẹ́ ni. Òfin ọdún 2014 ní kí 8% ti ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ wá, 10% ti ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́, kó sì dé ibi tó ń lọ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 lẹ́yìn tí ẹ bá sanwó oṣù.

Dọ́là ńkọ́? Nígbà tí CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là tí báńkì ń ṣẹ́ ní nǹkan bí 460 sí 470 náírà fò kọjá 700. Àwọn kan rò pé bọ́jẹ́ẹ̀tì àwọn ti wú nìyẹn. Wọ́n gbàgbé pé dọ́là ni dónọ̀ fi ń ka ìnáwó: lójú tirẹ̀, ẹ ò ná tó ohun tí ẹ béèrè, ó sì lè gba ìyókù padà. Bí náírà bá wá lágbára díẹ̀, tẹ̀yìn rẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó oṣù mílíọ̀nù 48 tí ẹ ṣírò ní 1,600 jẹ́ dọ́là 30,000. Ní 1,450, ó lé ní 33,100. Ta ló fẹ́ san 3,100 tó lé? Nítorí náà, ṣẹ́ ìwọ̀nba tí oṣù kan tàbí méjì ń fẹ́, kí o sì kọ iye tí ẹ fi ṣẹ́ ẹ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀.

Ní ti báúṣà, ìyẹn ìwé ẹ̀rí owó tí ẹ ná, fi ojú ara rẹ wo díẹ̀ lára wọn lóṣooṣù, má fi gbogbo rẹ̀ lé àwọn ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́. Táǹkì Hilux kì í gbà ju nǹkan bí lítà 80 lọ. Bí risíìtì bá sọ pé 110 ló gbà lẹ́ẹ̀kan náà, epo yẹn kò wọ inú ọkọ̀ tán. Wo ìwé àwọn tó wá sí ìpàdé ní Bama: bí bírò kan àti ọwọ́ kan bá kọ orúkọ 40, mú nọ́ńbà márùn-ún nínú rẹ̀, kí o pè wọ́n. Ẹni tó bá gba owó ìrìn-àjò gbọ́dọ̀ kó ìwé rẹ̀ dé kí ó tó gba òmíràn, ìbáà ṣe ọ̀gá àgbà fúnra wọn. Ọ̀dọ̀ wọn gan-an ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, àwọn yòókù á rí i.

Má jẹ́ kí àwọn ará iṣẹ́ pápá máa pè ọ́ ní “màdáámù rárá.” Jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n ń kọ ìwé ìbéèrè owó, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń gbàgbé ìpín tiwọn nínú owó ilé, jẹnẹrétọ̀ àti owó oṣù akáǹtáǹtì. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2024, òfin ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà gba àwọn tí kò bá ìjọba náà ṣe àdéhùn iye mìíràn láyè láti béèrè tó 15% fún irú ìnáwó bẹ́ẹ̀. 10% ni tẹ́lẹ̀. Àwọn kan ṣì ń tijú láti béèrè, bí ẹni pé iná ọ́fíìsì ń tàn lọ́fẹ̀ẹ́.

Àmọ́ má gbára lé orísun kan. Ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 2025, wọ́n fọwọ́ sí àṣẹ ní Washington pé kí ìrànwọ́ sí ilẹ̀ òkèèrè dúró fún 90 ọjọ́. Ilé iṣẹ́ tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan lowó rẹ̀ ti ń wá kò rí àyè ronú. Bí dónọ̀ kan bá ń gbé ju ìdajì ìnáwó yín, sọ ọ́ fún ìgbìmọ̀ kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó parí, kí o sì mú àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tí ẹ ó dá dúró àti iye tí ìdádúró náà yóò ná yín dání.

Fi ìwé bọ́jẹ́ẹ̀tì yín ránṣẹ́ kí n bá ọ wò ó. Bí ẹnìkan bá sì ń bọ̀ lápá ibí, ẹja gbígbẹ Baga ni kí o fi rán an sí mi, kì í ṣe ìkíni nìkan.

Èmi ni tìrẹ,
Àṣàkẹ́